Ibi Tí Yìnyín Yóò Sùn

Aago mẹ́rin ààbọ̀, katakata kánsù ti kọjá.
Mo gbọ́ ọ lórí ibùsùn, irin rẹ̀ ń ha títì
bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò tí àṣáró jó mọ́.
Ohun tó kó lójú títì, ẹnu ọ̀nà mi ló kó o sí:
ògiri kan, ó ga dé orúnkún, ó le bí àpáta,
níbi tí mo gbá mọ́ lálẹ́ àná.

Mo wọ sòkòtò mẹ́ta. Mo wọ ìbọ̀wọ́ Títílọpẹ́, ó há mi lọ́wọ́,
nítorí ọ̀kan nínú tèmi wà nísàlẹ̀ òkìtì láti oṣù kejìlá.
Yóò jáde ní oṣù kẹrin.
Ní Revelstoke níbí, yìnyín kì í bọ́ kó dá;
ó ń bọ́ bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè
tó pinnu pé lónìí ni òun yóò san gbogbo rẹ̀.

Ọmọ òkè ni mí. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí,
mo ti fi ẹsẹ̀ òfo ka àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́mọdé,
mo rò pé kò sí ohun tuntun tí òkè yóò kọ́ mi.
Ṣùgbọ́n òkè tiwa dúró sójú kan.
Òkè ti ibí a máa rìn wá bá ni lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún tí a kọ́kọ́ dé, ọwọ́ ọ̀tún ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí,
níbi tó súnmọ́ mi jù.
Dorina Bressan, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún,
kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án Sátidé, kò kí mi.
"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti sin mítà gáàsì mi."
Mo bẹ̀bẹ̀. Mo rọra wa á bí ẹni ń wa iṣu,
kí n má baà ṣá a lọ́gbẹ́.
Ó dúró tì mí, ó ń wò mí, ó ní,
"Tí oṣù kọkànlá, tì í jìnnà. Má wo kékeré rẹ̀.
Ti oṣù kejì ń bọ̀, òun náà á wá ibi tí yóò sùn."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ri igi olórí pupa mọ́ etí ọ̀nà
kí ilẹ̀ tó dì. Mo ń fi àbẹ́là ra ojú ṣọ́bìrì
kí nǹkan má baà lẹ̀ mọ́ ọn.
Mo mọ̀ pé ti òwúrọ̀ fúyẹ́, ti ọ̀sán wúwo bí amọ̀ ìkòkò,
mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin díẹ̀díẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ.
Bruno, ọkọ Dorina, fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ṣọ́bìrì rẹ̀ ni mo ń lò.

Ìyá mi bi mí lórí fóònù:
"Iṣẹ́ yẹn tí ẹ ń jí ṣe, èló ni wọ́n ń san?"
"Màámi, kò sẹ́ni tó ń sanwó."
"Kí lẹ wá ń kó?"
"Omi ni."
Ó dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ẹ̀rọ kò yọ omi ládùúgbò wọn.
"Ẹ ń kó omi dànù."
Mi ò rí èsì fún un.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo ti la ògiri náà já.
Mo la ọ̀nà kan dé ìdí mítà, òmíràn dé ibi omi panápaná,
òmíràn, tí kò fẹ̀ ju èjìká lọ, dé ẹnu ilẹ̀kùn Dorina.
Iná tàn nílé ìdáná rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé,
ó nàka sókè.
Mo gbójú sókè: òrùlé. Ó ti yọ kọjá etí páànù
bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Mo sá sẹ́yìn.
Ó já. Gbogbo ilé mì.
Orí ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló bọ́ sí.

Mo dúró títí èémí mi fi padà sípò.
Mo tún fi àbẹ́là ra ojú ṣọ́bìrì,
mo ń fojú wá ibi tó jìnnà.