Àtẹ̀gùn Kẹtàléláàádọ́rùn-ún

Ní Valparaíso, ilé gun ilé lẹ́yìn
bí ọmọ tó kọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀,
òkun wà nísàlẹ̀, ó ń wò wá níran.
Mọ́tò kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa:
ẹsẹ̀ bàbá mi, Eleuterio, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
sílíńdà gáàsì léjìká, sípánà lọ́wọ́,
kan, kan, kan, lára irin,
kí àwọn ará òkè lè mọ̀ pé iná ọbẹ̀ ń bọ̀.

Mo mọ ohùn irin náà ju ohùn rẹ̀ lọ.
Nígbà tó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
mo ti bọ́ sí ìta kí ajá tó gbó.

Àtẹ̀gùn kẹtàléláàádọ́rùn-ún.
Ó yíjú padà láti kí Nélida, nǹkan dún pó
nínú orúnkún ọ̀tún, orúnkún sì tì pa
bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ kán sí nínú.
Kò ṣeé nà. Kò ṣeé ká.
Ó fẹ̀yìn ti sílíńdà, òógùn bò ó nínú ìkúùkù,
ó ń rẹ́rìn-ín. Àní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.
Láti oṣù kẹta ló ti ń há, tó ń là fúnra rẹ̀,
tó ń wú lálẹ́ bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí.
"Ọjọ́ orí ni," bàbá mi wí.
Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rọrùn láti gbà,
kò ní kí a wá tò sórí ìlà.

Hermógenes gbé ìpara dé,
ó ní kí á di ẹsẹ̀ náà mú, kí á fà á lẹ́ẹ̀kan, yóò là.
Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àgbà ni. Mo gbá a.

Ọkùnrin mẹ́rin gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àga ilé ìdáná wa.
Ẹni tó ru iná gbogbo òkè yìí wá di ẹrù.

Nọ́ọ̀sì Zunilda fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
"Ó ti ń há tẹ́lẹ̀? Ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ yín?"
Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn.
Ó fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ sáàárín ìkúùkù rẹ̀ méjì:
"Tìmùtìmù eegun nìyí. Ó jọ pé tiyín ti ya,
etí rẹ̀ ká wọ oríkèé. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò.
Orúnkún tó há tó kọ̀ tí kò là,
èyí tó wú gbì lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò gba ìwúwo ara,
èyí tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà tẹ̀ lé e,
ẹ má sùn lé e mọ́júmọ́."
Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni
tó ti sọ ọ́ fún gbogbo òkè ìlú yìí.

Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìwé rẹ̀ wà lára ògiri.
Bàbá mi jókòó lójú fèrèsé, sípánà lọ́wọ́;
bó bá fẹ́ tíì, á lu ife: kan.

Mo dìde. Orúnkún òsì tèmi ní: kẹ́.
Mo dúró. Mo tẹ́tí sí i.