Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Jókòó Sílẹ̀ẹ́lẹ̀

Àpáta ni wọ́n ń fọ́ ní Mpape,
àpáta ni bàbá mi náà ń fọ́.
Kí oòrùn tó yọ, òòlù rẹ̀ ti ń dún,
gbàǹ! ẹyẹ a fò. Gbàǹ! ewúrẹ́ a sá,
eruku funfun a bo irùngbọ̀n rẹ̀
bí ẹni tó darúgbó láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.
Àwọn tó kọ́lé gogoro sí Maitama kò mọ orúkọ rẹ̀,
òkúta rẹ̀ ló wà lábẹ́ ibùsùn wọn.

Mai Karfi ni àwọn awakọ̀ típà ń pè é,
alágbára ni wọ́n ń wí.
Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
mo máa ń ká apá mi níwájú dígí tó ti sán,
mò ń wá iṣan tí kò tíì yọ.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, tí ètè gbogbo wa bẹ́,
igba náírà sọnù nínú ilé wa.
Owó omi ni, owó Malam Habu tó ń ti ọmọlàńkẹ́.
Bàbá bi mí. Mo ní n kò mú un.
Ó tún bi mí. Mo ní n kò mú un.
Kò bi mí lẹ́ẹ̀kẹta.
Ìṣojú gbogbo agboolé ló ti nà mí:
ìṣojú Malam Habu àti gálọ́ọ̀nù rẹ̀,
ìṣojú Ìyá Kyauta tó ru igi léjìká,
nítorí àwọn Gbàgyí kì í di ẹrù ru orí,
wọ́n ní orí ni ọba ara.
Ọwọ́ tó ń fọ́ àpáta,
ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá mi ń fọ ṣòkòtò iṣẹ́,
igba náírà yọ nínú àpò ẹ̀yìn,
ó rọ bí ewé tí oòrùn pa.
Ìyá mi kò wí nǹkan kan.
Ó sá a sórí okùn, ó fi pẹ́ẹ́gì há a,
níbi tí ẹni tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ kò lè ṣàìrí i.

Mo wà lẹ́yìn ìkòkò omi nígbà tí Bàbá dé.
Ó dúró. Owó ń mì lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́.
Mo mọ ohun tí ọkùnrin àdúgbò wa máa ń ṣe:
a wúkọ́, a ki owó bọ àpò,
a ra bisikíìtì fún ọmọ lọ́jọ́ kejì,
ó parí. Ta ló gbọ́ ọ rí pé bàbá jẹ̀bi ọmọ?

Bàbá mi gbé òòlù kalẹ̀. Ó pè mí.
Àga wà níbẹ̀, kò wò ó.
Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, nínú eruku,
ojú rẹ̀ wá bá tèmi dọ́gba.
"Ìṣọ̀lá, ọwọ́ mi ni owó wà, ìwọ ni mo nà.
Mo jẹ̀bi. Má bínú."
Ó tún un sọ kí Malam Habu lè gbọ́:
"Ni ne na yi kuskure."
Háúsá rẹ̀ kò dán,
ọ̀rọ̀ náà ń yí lẹ́nu rẹ̀
bí òkúta tí wọ́n ń tì gòkè.
Ọlọ́kadà kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.
Bàbá kò wẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé mo dì mọ́ ọn o.
Ẹ̀yìn ṣì ń ta mí. Mo sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Mo ti lé lógójì báyìí, Kubwa ni mò ń gbé.
Lálẹ́ yìí mo pariwo lé ọmọ mi lórí
nítorí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀
tí èmi fúnra mi gbé sórí fìríìjì.
Kò tíì sùn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀,
mo wo ilẹ̀,
ilẹ̀ mà jìnnà o.