Ilà Lára Obì

Ta ló kọ gbànja mi nílà?

Mo tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan sábẹ́ gílóòbù gígùn
nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Mákùn, Ṣàgámù.
Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá.
Mo ní kí n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Àlàájì Sanúsì ní Kánò,
kó rí i pé obì tí mo fi ewé bò
kò ní kòkòrò kan ṣoṣo nínú.
Kámẹ́rà lajú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.
Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú,
bí ọmọ tí wọ́n bi pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò.
Ilà dúdú ń rìn bọ̀ láti òkè,
ó gba orí obì pupa, ó gba orí obì funfun,
kò yà, kò kí ẹnikẹ́ni.

Àlàájì fèsì: "Ìyá Ọláìtán,
ṣé obì abilà lẹ fẹ́ tà fún mi lọ́dún yìí ni?"

Mo fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú kámẹ́rà.
Mo mí sí i, mo tún nù ún.
Mo bọ́ ẹ̀wù róbà tó wọ̀, mo ní bóyá ooru ló mú un.
Mo pa á, mo ka ogún, mo tàn án.
Mo gbá a létí díẹ̀ (ẹ má sọ fún ọmọ mi);
bí bàbá mi ṣe ń tún rédíò ṣe nìyẹn,
rédíò a sì gbọ́.
Fóònù ò gbọ́.

Ìbídàpọ̀ ń kọ́ṣẹ́ fóònù ní Sábó,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìka rẹ̀ tín-ín-rín bí ìṣáná.
Ó gbé fóònù síta sínú oòrùn:
kámẹ́rà dákẹ́ rọ́rọ́,
ó wo ewúrẹ́, ó wo kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò ṣẹ́jú.
Ó gbé e wọlé sábẹ́ iná:
wàrìrì, ó tún dé.
"Màmá, ojú fóònù yín ò fọ́. Iná ló ń ṣẹ́jú."

Mo gbójú sókè wo iná.
Iná ń wò mí, kò mira.

"Ó ń kú, ó ń jí, nígbà ọgọ́rùn-ún
kí ẹ tó pe 'Olúwa' tán.
Ojú yín ò lè bá a kà á, ló fi ń tàn yín jẹ.
Fóònù ń kà á. Níbo lẹ ti rà á?"
Ọláìtán ló fi ránṣẹ́ láti Àtìláńtà.
"Ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ ọgọ́ta niná tiwọn ń gbé,
àádọ́ta ni tiwa.
Fóònù yín dé Ṣàgámù, kò tíì dé Ṣàgámù."

Mo rántí ọmọ mi tó ń pè mí láago méjì òru,
tí á ní "Màmá, ẹ kú alẹ́,"
tí èmi náà á ní "Ẹ kú alẹ́, ọkọ mi,"
tí àkùkọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lé wa lórí.

Ó wọ inú ètò kámẹ́rà, ó fi ìka kan ibì kan,
ọgọ́ta di àádọ́ta. Ó tán.
Èló ni? "Ẹ fún mi ní gbànja kan, aláwẹ́ mẹ́rin."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Gbànja kì í láwẹ́ mẹ́rin, ọmọ mi. Àbàtà nìyẹn.
Olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ lè kà.

Lálẹ́, mo tún tẹ́ apẹ̀rẹ̀.
Ilà ti lọ. Obì mọ́ lójú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.
Mo na ìka báyìí kí n tẹ̀ ẹ́,
ni wọ́n bá mú iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wa húkọ́, ó gbéra,
ó tan gílóòbù mi pẹ̀lú wáyà tí a jọ ń lò.
Ilà dúdú padà, ó ń rọra bọ̀
bí àlejò tó mọ ilé.
Èyí ò gbé ọgọ́ta, kò gbé àádọ́ta,
ẹsẹ̀ tó bá wù ú ló ń gbé.

Mo fi ewé bo apẹ̀rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sí Àlàájì: obì ti sùn.
Bó bá jí, á jáde sí ẹnu ọ̀nà wá kí yín.