Àpò Tó Ti Tú

Akínlàjà ló kọ́kọ́ fura,
ní ìsọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùrẹ́,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń lẹ táyà.
Ó fi èékánná ha etí ìdarí ọkọ̀ mi,
ó ní, "Ọ̀gá, gọ́ọ̀mù nìyí."
Ó fà á. Ó ṣí bí ìdérí agolo mílíìkì.
Inú ibẹ̀ ṣófo:
wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn
kí iná pupa má baà fẹjọ́ sùn.

Owó àjẹsẹ́kù ọdún mẹ́ta ni mo fi ra Kòrólà yìí.
Ẹni tó tà á fún mi fi ọmọ rẹ̀ búra
pé kò forí sọ nǹkan kan rí láyé.
Àpò ti tú níbẹ̀ o.
Lọ́jọ́ kan, nílùú kan tí n kò lè pè,
bóyá yìnyín ló wà nílẹ̀, tí táyà ń yọ̀,
àpò náà wú, ó tóbi, ó funfun,
kí ojú tó ṣẹ́,
ó gba àyà ẹnìkan sílẹ̀ lọ́wọ́ irin.
Mo máa ń rò pé obìnrin ni. N kò mọ̀dí.
Ó ti ra mọ́tò mìíràn. Ó ti gbàgbé àwọ̀ tèmi.
Wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ihò,
wọ́n gbé e gba Kútọnu dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ló jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.
Ẹnìkan sọ fún dígí pé, bí o bá máa fọ́, fọ́ bí iyọ̀,
má ṣe là bí ọ̀bẹ.
Ẹnìkan mọ ọmọlangidi tó tó èèyàn,
ó gbé e sórí ìjókòó, ó gbá a mọ́ ògiri,
ó tún un tò, ó tún gbá a,
títí ó fi mọ ibi tí egungun àyà ti ń kọ́kọ́ dá.
Àwọn ọmọlangidi yẹn kú púpọ̀.
Bàbá mi kú ẹ̀ẹ̀kan.

Píjó ni tirẹ̀.
L'Óńdó, ní Òkè-Agbè, ní ìṣojú mi,
ó mú ọ̀bẹ, ó gé bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò,
ó ní ó ń fún òun lọ́rùn.
Ó fi so ewúrẹ́ ìyá mi mọ́dìí àgbálùmọ̀,
nítorí ewúrẹ́ náà kò sí okùn tí kì í já.
Kò rí èyí já.

Lóṣù Ọ̀pẹ, kùrukùru bo Ọ̀wẹ̀nà.
Àjàgbé agbégẹdú kan ti kú sójú ọ̀nà, kò tan iná,
ewé tútù díẹ̀ ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀ fún àmì.
Mọ́tò bàbá mi kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.
Ìta la ti bá òun.
Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní odò ń bínú.
Àbúrò rẹ̀ dárúkọ ẹnìkan nínú ẹbí.
Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé.
Ewúrẹ́ wà lórí ìso, ó ń jẹ èèpo iṣu,
bẹ́líìtì wà digbí lọ́rùn rẹ̀.

Akínlàjà dárúkọ iye tí àpò tuntun ń lọ.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ó wá fa bẹ́líìtì wò, jẹ́jẹ́, ó tẹ̀lé e;
ó fà á lójijì, ó kọ̀, ó dúró gírí.
"Èyí ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀," ó ní.

Lọ́la ọjọ́ náà mo lọ gbé ìyá mi l'Óńdó,
dókítà ojú ń retí wa l'Ákùrẹ́.
Mo fa bẹ́líìtì kọjá àyà rẹ̀.
"Ṣé ewúrẹ́ ni mí," ó ní, "tí o fẹ́ so mọ́lẹ̀?"
Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ.
A dákẹ́.
Ọ̀kadà méjì kọjá.
Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi,
ó ń fọwọ́ táràrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan, ó ń wá ihò rẹ̀,
títí ó fi dún: káṣá.