Ọ̀dà Pupa ní Lugbe

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ọ̀dà pupa
kọ nọ́ńbà sára ògiri wa.
Wọn ò tilẹ̀ kí ìyá mi.
Wọ́n ní títì ni yàrá rẹ̀
nínú àwòrán tó wà lọ́fíìsì wọn.

Bàbá Shekwolo tó ta ilẹ̀ fún wa
ní iṣu ni bàbá òun ń gbìn síbẹ̀.

Mo kó rìsíìtì jáde nínú agolo bisikíìtì:
owó ilẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko.
Ọ̀gá wọn kà á tán.
“Owó yín wà nínú ìwé, màmá.
Ilé yín ni kò sí níbẹ̀.”

Òjò ṣú lálẹ́.
Ọkọ mi gun àkàbà
lọ dí ibi tí òrùlé ti ń jò.
Mi ò bi í ní nǹkan kan.
Mo di àkàbà mú.