Ìjókòó Kọkànlá

Oṣù kìíní ni mo ti ń san án, owó orin ọdún kan gbáko.
Ìyá Dúrótolú ní, "Bàbá, ta ní ń sanwó ọbẹ̀
tí wọn ò tíì gbé ka iná?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì,
mo kì í bọ àpòòwé, mo gba ẹ̀yìn ibùdó rélùwéè
lọ sí gbọ̀ngàn wọn ní Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tta.

Káàdì kan ni wọ́n fún mi, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu.
Bí mo bá ti wọlé, ọmọ ẹnu ọ̀nà á lu ihò kan sí i.
Ihò mẹ́jọ, ọdún parí.
Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún lu ihò sí tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn,
láti Ìdó títí dé Kánò,
mo wá di èrò ọkọ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi.

Ìlà kẹta, ìjókòó kọkànlá, ẹ̀gbẹ́ òpó.
Òpó náà bo ìdajì dùùrù:
ọwọ́ òsì nìkan ni mò ń rí, n kì í rí ọ̀tún.
Wọ́n ní kí n pààrọ̀ àga. Mo kọ̀.
Ọ̀tún ń ṣe fújà;
òsì ló ń ru ẹrù ilé.

Kejìlá ni Nọ́ọ̀sì Àdùnọlá Ṣógúnlé.
Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ,
orin ṣì ń mí, kò tíì tán,
èmi nìkan, pá, pá, pá, nínú gbogbo gbọ̀ngàn.
Obìnrin yìí wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú mi.
Láti ìgbà náà ni.
Míńtì ló máa ń mú wá, á ti tú bébà rẹ̀ sílẹ̀
kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí bébà má baà bá orin jiyàn.
Ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi.
A ò mọ ilé ara wa.

Oṣù kẹta, orin ò dùn, kí n má purọ́.
Ọkùnrin kan ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ dùùrù.
Mo gbójú sókè ka fáànù: márùn-ún,
mẹ́rin ń yí, ìkarùn-ún ṣì ń rò ó.
Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń rà á, ǹ bá ti fo oṣù yẹn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sanwó ọdún kì í sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà.
Ó kù díẹ̀ kó parí, ohùn kan jáde,
tín-ín-rín,
bí ojú irin ṣe máa ń ké nígbà tó bá ń tutù lóru,
tí ọkọ̀ ti kọjá lọ tipẹ́.
Mo mọ ohùn yẹn. Jẹ́bà ni mo ti gbọ́ ọ,
aago méjì òru, èmi àti àtùpà ọwọ́ mi.
N ò mọ̀ pé ẹlòmíràn gbọ́ ọ rí.

Oṣù keje, òjò; èèyàn mẹ́tàdínlógún péré.
Ìbíyẹmí tó ń ta gòjé ńlá bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin,
ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó gbá gòjé mọ́ra
bí ọmọ tí ibà mú.
N kò lè sọ ìyókù.

Oṣù kẹsàn-án, kejìlá ṣófo. Mo fi fìlà mi lé e.
Oṣù kẹwàá, mo ra míńtì fúnra mi,
mo tú ọ̀kan. Ìkejì sùn lápò.

Oṣù kọkànlá, ihò ìkẹyìn,
mo gbọ́ kó, kó, kó ọ̀pá ìtìlẹ̀ lẹ́yìn mi.
Ó gbé fìlà mi kúrò, ó jókòó.
Kò sọ ibi tó ti ń bọ̀.
"Kí ló kọjá mi?"
Mo fi ìka lu orin oṣù méjì sí apá àga fún un,
díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe rántí mọ.
Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.
"Ọwọ́ òsì nìyẹn. Ọ̀tún ńkọ́?"
Mo ní, "Ẹ bi òpó."