Ohun Tó Kù

Ọ̀pá òkúta tí ẹ̀rọ fà jáde nílẹ̀ Ṣágámù,
ó gùn ju igi àjà lọ,
wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí pákó bí òkú tí a kò tíì wẹ̀.
Baba mi wà lára àwọn tó gbé e, Ṣówándé ọmọ Màkún,
òṣìṣẹ́ kòtò sìmẹ́ńtì,
tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun kí irun orí rẹ̀ tó funfun.
Ó ní, "Wá wo òkun."
Mo ní, "Òkun wo? Ṣebí Rẹ́mọ nìyí, ilẹ̀ olóbì."
Ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára òkúta.
Ìkarahun jókòó síbẹ̀ bí ẹyin inú ìtẹ́.

Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni ìbẹ̀rẹ̀, òkè ni ìgbẹ̀yìn,
ẹ má kà á bí a ti ń ka ìwé.
Obìnrin tó wá láti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀,
Ọ̀mọ̀wé Odùfẹ̀jọ̀, tòun ti rúlà onírin rẹ̀.
Ó ń wọ̀n, ó ń pe iye, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Nísàlẹ̀, ìkarahun tó kún àtẹ́lẹwọ́.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè, ó ti di èékánná.
Ó tún gòkè díẹ̀, kóró ẹ̀gúsí.
Lẹ́yìn náà, hóró gàrí,
gàrí Ìjẹ̀bú o, èyí tó kúná,
tí a ń fi awò wá kiri.
"Ṣé ọmọ wọn nìwọ̀nyí?" ni mo bi í.
Ó ní rárá. Ìdílé kan náà ni, ilà kan náà ló wà lẹ́yìn wọn;
àgbà ni wọ́n, wọ́n ti bímọ,
àgbà tó ń kéré.
Lẹ́yìn èyí, ààlà dúdú kan tí kò nípọn ju ìka méjì lọ.
Mo kọ "òfo." Mo tún kọ "òfo."

"Kí ló dé bá wọn?"
"Omi gbóná, bóyá. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra.
Ẹni tí ara rẹ̀ tóbi ni èémí kọ́kọ́ ń há mọ́.
Kékeré ń jẹ díẹ̀, ó ń mí díẹ̀,
ó ń yára bímọ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Bóyá. Mi ò sí níbẹ̀."
Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí "bóyá" yẹn.

Baba mi wo òkúta náà títí.
Ó ní bí ayálégbé ni wọ́n ṣe, tí owó ilé ń ga mọ́:
yàrá méjì, yàrá kan,
ọ̀dẹ̀dẹ̀,
títì.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ Ìwòpin kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
Efúnyẹmí tó ń yan ẹja létí ọ̀sà.
Ó ń dí àwọ̀n ọkọ rẹ̀. Mo fi ìka kan ojú àwọ̀n:
ìka kan ò wọlé.
"Nígbà tí mo wọlé ọkọ," ó ní,
"ìka mẹ́ta ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.
Òbòkún tí mo bá rù, ìrù rẹ̀ a máa gbá mi léjìká.
Lónìí mò ń sín wọn sórí igi bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ẹja ń kéré, ojú àwọ̀n ń kéré tẹ̀lé e,
èwo ló ń lé èwo, ọmọ mi?"
Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, kò gùn tó ìka àárín.
Mo tú ikùn rẹ̀.
Ẹyin ló kún ibẹ̀.

A máa ń ní ó dínkù.
Gbé ohùn sókè díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀ náà,
kí o wá gbọ́ ohun tó kù.

Mo yọ rúlà nínú báàgì, mo wọ̀n ọ́n,
mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Iye ni mo kọ.
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fi mí rẹ́rìn-ín:
"A kì í wọn ẹja, yíyan là ń yan án.
Mú un wá, iná ti ń kú lọ."